Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìyà wo ló bí ẹ̀tọ́ inú ìwé òfin Amẹ́ríkà?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí láti Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà fẹ́rẹ̀ẹ́ dá lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ẹ̀tọ́ tó wà nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀, àti èwo nínú wọn ló ní ẹgbẹ́ nílé níbí. A mú mẹ́fà nínú àwọn lẹ́tà náà. Ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á: kò sí ẹ̀tọ́ kan nínú ìwé yẹn tó já bọ́ láti ọ̀run. Ìyà kan pàtó ló bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹni tó bá sì mọ ìyà náà ni yóò mọ ohun tí ẹ̀tọ́ ọ̀hún ń dènà gan-an.

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé o. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìjọba, mo máa ń sọ fún wọn pé ìwé òfin Amẹ́ríkà ti 1787 ni orísun ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ọmọ ọmọ mi tó ń ka ìmọ̀ òfin wá ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé kò sí ẹ̀tọ́ kankan nínú ìwé náà nígbà tí wọ́n kọ ọ́. Ta ló jàre nínú wa? — Bàbá olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Ìsọ̀kùn, Iléṣà

Bàbá, apá kan òtítọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì, àmọ́ apá tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà ló pọ̀ jù.

Lẹ́yìn tí ìpínlẹ̀ mẹ́tàlá kọ ọba Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ lọ́dún 1776, òfin ìṣọ̀kan tí wọ́n kọ́kọ́ lò, èyí tó fìdí múlẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1781, kò fún ìjọba àpapọ̀ lágbára láti gba owó orí. Ìjọba lè tọrọ owó lọ́wọ́ ìpínlẹ̀; bí ìpínlẹ̀ kò bá fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Wọ́n gbìyànjú láti gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọjà tó ń wọlé láti òkè òkun. Rhode Island kọ̀ jálẹ̀ lọ́dún 1782, àbá náà sì kú, torí pé gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àtúnṣe kó tó lè dúró.

Nígbà tó di 1786, gbèsè da ìlú rú ní ìwọ̀ oòrùn Massachusetts. Àgbẹ̀ tó ti jagun òmìnira, tí wọn kò tíì san owó ogun rẹ̀ tán, ni ilé ẹjọ́ ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí gbèsè àti owó orí. Ará Iléṣà tó gbọ́ ìtàn bí àwọn Òṣómàáló ṣe ń lóṣòó ti onígbèsè mọ bí ojú onígbèsè ṣe ń rí, ṣùgbọ́n ní Massachusetts ìgbà yẹn, onígbèsè ń bá a dé ẹ̀wọ̀n. Daniel Shays àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìbọn, wọ́n dí ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́ kí adájọ́ má lè jókòó. Ìjọba àpapọ̀ kò ní kọ́bọ̀ tí yóò fi kó ọmọ ogun jọ. Àwọn oníṣòwò Boston ló dáwó tí ìpínlẹ̀ fi rí ọmọ ogun tó tú wọn ká ní ìbẹ̀rẹ̀ 1787. Ìbẹ̀rù irú rògbòdìyàn yìí wà lára ohun tó mú kí àwọn aṣojú kó ara wọn lọ sí Philadelphia.

Aṣojú 55 ló wá, láti ìpínlẹ̀ méjìlá. Rhode Island kò rán ẹnikẹ́ni. George Washington ni alága. Ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 1787 ni wọ́n parí, abẹ́ àṣírí sì ni gbogbo rẹ̀: kò sí oníròyìn níbẹ̀, aṣojú kò sì gbọdọ̀ sọ ohun tó gbọ́ fún ará ìta. Àtúnṣe òfin àtijọ́ ni wọ́n rán wọn. Òfin tuntun ni wọ́n kọ.

Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n túká, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án, George Mason ti Virginia sọ̀rọ̀. Òun ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ Virginia lọ́dún 1776. Ó ní kí wọ́n fi àkójọ ẹ̀tọ́ ṣáájú ìwé òfin náà, pé wákàtí díẹ̀ ti tó láti kọ ọ́. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìbò kan. Mẹ́wàá sọ pé rárá. Kò sí ọ̀kan tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Kí ló dé? Ó ti rẹ̀ wọ́n, ilé ń pè wọ́n. Roger Sherman ti Connecticut ní ẹ̀tọ́ tó wà nínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣì ń bẹ, pé ó tó. Àwọn mìíràn, Alexander Hamilton pàápàá lẹ́yìn náà, ní agbára tí a kò fún ìjọba, ìjọba kò ní in. Kí la fẹ́ máa fi òfin dí ọ̀nà tí kò sí? Lójú tiwa, àlàyé Sherman kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìwé òfin tuntun náà fúnra rẹ̀ sọ ní abala kẹfà pé òfin àpapọ̀ ni yóò máa borí òfin ìpínlẹ̀. Ẹ̀tọ́ tó wà nínú òfin kékeré kò lè dá òfin ńlá dúró. Mason rí èyí, ó sì kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Edmund Randolph àti Elbridge Gerry kọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn 39 ló fi orúkọ sílẹ̀.

Àwọn ará ìlú ló wá gba Mason là. Ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án ló gbọ́dọ̀ gba ìwé náà kó tó di òfin, kì í sì í ṣe ilé aṣòfin ni yóò gbà á bí kò ṣe àpéjọ tí àwọn olùdìbò yan aṣojú sí nítorí iṣẹ́ yẹn nìkan. Ní Massachusetts, oṣù kejì ọdún 1788, ó hàn pé wọ́n fẹ́ kọ̀ ọ́. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí àpéjọ gbà á, kí wọ́n sì kọ àtúnṣe tí wọ́n ń fẹ́ mọ́ ọn. Ìbò jẹ́ 187 sí 168. Bí ènìyàn mẹ́wàá péré bá ti bọ́ sódì kejì, ó ti ṣubú. Virginia gbà á pẹ̀lú 89 sí 79, New York pẹ̀lú 30 sí 27, àwọn méjèèjì sì kọ àtúnṣe tí wọ́n ń bèèrè mọ́ ọn. North Carolina kò gbà títí di òpin 1789. Rhode Island wọlé ní oṣù karùn-ún ọdún 1790, 34 sí 32.

James Madison, tó ti kọ́kọ́ rò pé àkójọ ẹ̀tọ́ kò pọn dandan, ṣèlérí fún àwọn olùdìbò ẹkùn rẹ̀ pé òun yóò ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 1789, ó gbé e síwájú ilé aṣojú-ṣòfin. Ó fẹ́ kí wọ́n fi àwọn gbólóhùn náà há inú ìwé òfin, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àyè tirẹ̀. Sherman ló ta kú pé ẹ̀yìn ìwé ni kí wọ́n tò ó sí. Ká ní Madison borí ni, kò ní sí ohun tí à ń pè ní Àtúnṣe Kìíní tàbí Ìkarùn-ún lónìí. Ilé aṣojú-ṣòfin fi ẹnu kò lórí 17, ilé aṣòfin àgbà gé e kù sí 12, wọ́n fi 12 ránṣẹ́ sí àwọn ìpínlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1789, mẹ́wàá nínú rẹ̀ sì di òfin ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 1791.

Ibi tí ọmọ ọmọ yín kò ti jàre nìyí: ẹ̀tọ́ díẹ̀ wà nínú ìwé 1787 fúnra rẹ̀. Ẹni tí wọ́n tì mọ́lé lè ní kí wọ́n gbé òun wá síwájú adájọ́ kí ìjọba sọ ìdí tí ó fi mú un. Aṣòfin kò gbọdọ̀ ṣòfin lónìí láti fi jẹ ẹni tó ṣe nǹkan lánàá níyà. Ẹ̀sùn ọ̀daràn gbọ́dọ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ ará ìlú. Ẹlẹ́rìí méjì ló gbọ́dọ̀ wà kí wọ́n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀tẹ̀ sí ilẹ̀, àfi bó bá jẹ́wọ́ níwájú kóòtù. Wọn kò sì gbọdọ̀ béèrè ẹ̀sìn ènìyàn kí wọ́n tó fi sípò.

Ní ti orísun, ẹ lọ sẹ́yìn sí i. Lọ́dún 1215 ni àwọn ìjòyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú Ọba John lọ́ranyàn láti fọwọ́ sí ìwé tó sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni tó jẹ́ ọmọ òmìnira tàbí gba ohun ìní rẹ̀ àfi nípa ìdájọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí òfin ilẹ̀. Òfin 1679 nípa gbígbé ẹni àtìmọ́lé wá sí kóòtù tẹ̀ lé e, àti ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1689. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi kún un ni pé wọ́n fi ẹ̀tọ́ náà sí ipò tí aṣòfin pàápàá kò lè fi ìbò kan ṣoṣo yí padà, àti pé láti ọdún 1803, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ gbà pé òun lè pa òfin tó bá tako ìwé òfin ilẹ̀ rẹ́.

Wọ́n kọ́ wa pé òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ wà ní Àtúnṣe Kìíní torí pé òun ni àwọn tó kọ òfin kà sí jù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀

Rárá. Nínú méjìlá tí wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ̀kẹta ni. Èkíní jẹ́ nípa iye aṣojú-ṣòfin, èkejì nípa owó oṣù àwọn aṣòfin. Àwọn ìpínlẹ̀ tó gbà wọ́n kò pé nígbà náà, ni ẹ̀kẹta bá bọ́ sí ipò kìíní. Èyí tó jẹ́ ti owó oṣù kò tíì kú: ó di Àtúnṣe Kẹtàdínlọ́gbọ̀n lọ́dún 1992.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju ipò rẹ̀ lọ ni ẹni tó dè lọ́wọ́. Ilé aṣòfin àpapọ̀ ni gbólóhùn rẹ̀ dárúkọ, kò dárúkọ gómìnà tàbí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀. Madison fẹ́ kí ó de àwọn ìpínlẹ̀ náà ní ti ẹ̀rí ọkàn, ìwé ìròyìn àti ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn. Ilé aṣòfin àgbà yọ ọ́ kúrò. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ rèé. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Barron ní èbúté tí ọkọ̀ ojú omi ńlá ń gúnlẹ̀ sí ní Baltimore. Ìjọba ìlú darí odò gba ibòmíràn nígbà tí wọ́n ń ṣe títì, iyanrìn kún èbúté rẹ̀ títí ọkọ̀ kò fi lè wọ ibẹ̀ mọ́. Ó pẹjọ́ pé Àtúnṣe Ìkarùn-ún ní ìjọba gbọ́dọ̀ sanwó fún ohun ìní tó bá gbà. Lọ́dún 1833, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a lóhùn pé ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ìwé ẹ̀tọ́ náà dè, kò kan ìlú Baltimore. Bó ṣe wà nìyẹn títí Àtúnṣe Kẹrìnlá, tó dárúkọ àwọn ìpínlẹ̀ ní tààrà, fi dé lọ́dún 1868. Láti nǹkan bí 1925 ni àwọn adájọ́ sì wá ń fà á, ẹ̀tọ́ kan lẹ́yìn òmíràn, dé ọ̀dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀. Bí ẹ bá máa kọ ọ́ sínú ìdánwò, ẹ kọ ọdún méjèèjì: 1791 àti 1868. Ẹni tó bá kọ 1791 nìkan ti gbàgbé ìdajì ọ̀rọ̀.

Báwo ni ẹni tó ń ra ènìyàn bí ẹni ń ra ẹran ṣe lè jókòó kọ ìwé òmìnira? Ṣé wọn kò rí i ni? — Òǹkàwé yín, Ẹ̀nùwá, Ilé-Ifẹ̀

Wọ́n rí i. Ẹ̀rí pé wọ́n rí i ni pé wọ́n sá fún orúkọ rẹ̀: kò sí ibi tí wọ́n kọ "ẹrú" sí nínú ìwé 1787. "Àwọn ènìyàn mìíràn" tàbí "ẹni tí a fi sábẹ́ iṣẹ́" ni wọ́n ń kọ. Síbẹ̀, ó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Èkíní jẹ́ nípa kíka iye ènìyàn. Iye ènìyàn inú ìpínlẹ̀ ló ń sọ iye aṣojú tí yóò ní. Àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù fẹ́ ka ẹrú mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ẹrú kò gbọdọ̀ dìbò. Wọ́n parí rẹ̀ sí kíka ẹrú márùn-ún bí ènìyàn mẹ́ta. Ìpínlẹ̀ tó ní ẹrú 50,000 yóò ka 30,000 kún iye ènìyàn rẹ̀, agbára tí iye yẹn mú wá sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ni wọ́n. Èkejì ni pé ilé aṣòfin kò gbọdọ̀ fòfin de kíkó ẹrú wọlé kí ọdún 1808 tó dé. Ogún ọdún gbáko ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ ẹrú láti máa ná etíkun ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ẹ̀kẹta ni pé ẹrú tó bá sá lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà.

Mason tí a mẹ́nu bà lókè bú òwò ẹrú níwájú gbogbo wọn ní oṣù kẹjọ ọdún 1787. Mason kan náà ní ẹrú nílé. Washington ní, Madison ní. A kò ní bò ó: ẹ̀bi ńlá ni, ẹ̀jẹ̀ ló sì fi parí. Lọ́dún 1857, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ nínú ẹjọ́ Dred Scott, ẹrú tó pẹjọ́ láti gba òmìnira rẹ̀, pé ọmọ aláwọ̀ dúdú kò lè jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni ogun bẹ́ sílẹ̀. Àtúnṣe Kẹtàlá fòpin sí oko ẹrú lọ́dún 1865, Ìkẹrìnlá sọ wọ́n di ọmọ ilẹ̀ lọ́dún 1868, Ìkẹẹ̀ẹ́dógún ní wọn kò gbọdọ̀ fi àwọ̀ ara dínà ìbò lọ́dún 1870. Àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù fi ìdánwò ìwé kíkà àti owó ìdìbò dí ọ̀nà náà títí òfin ìdìbò ti 1965 fi dé. Ti àwọn obìnrin tún pẹ́ wọlé: 1920 ni ìwé òfin tó sọ pé wọn kò gbọdọ̀ fi jíjẹ́ obìnrin dínà ìbò.

Bí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ dúró lójú títì tó ní kí n ṣí fóònù mi kí òun wo inú rẹ̀, ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́? Ọ̀rẹ́ mi ní wọn kò lè dán an wò ní Amẹ́ríkà. — Ọ̀dọ́mọkùnrin, Lágere, Ilé-Ifẹ̀

Àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà dán an wò dáadáa, ìdí nìyẹn tí ẹjọ́ fi dé. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìyà tó bí ẹ̀tọ́ yìí. Nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, aṣọ́bodè ní Boston máa ń ní ìwé àṣẹ kan tí kò dárúkọ ilé, kò dárúkọ ènìyàn, kò dárúkọ ẹrù. Ó lè fi já wọ ilé ẹnikẹ́ni lọ́sàn-án láti wá ẹrù fàyàwọ́. Ìwé náà kò sì ní í kú títí ọba yóò fi wàjà, tí oṣù mẹ́fà yóò tún fi lé e. Ọba George Kejì wàjà lọ́dún 1760, wọ́n ní láti gba ìwé tuntun, ni agbẹjọ́rò James Otis bá gbógun tì í ní kóòtù ní oṣù kejì 1761. Ó pàdánù. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìyà yẹn wé Àtúnṣe Kẹrin: ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ ní ìdí tó múná dóko, ẹnì kan gbọ́dọ̀ búra sí i, ó sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ibi tí wọ́n fẹ́ wò àti ẹni tàbí ohun tí wọ́n fẹ́ mú. Ohun tí ìwé aṣọ́bodè kò ní ni wọ́n tò síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2014, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fohùn ṣọ̀kan pé ọlọ́pàá tó mú ènìyàn pàápàá gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó wo inú fóònù rẹ̀, àfi bí ọ̀ràn pàjáwìrì bá wà níbẹ̀.

Nílé níbí, abala 37 ìwé òfin 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ orí fóònù rẹ̀. Abala 45 sì gbà kí òfin dín in kù nítorí ààbò ìlú tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Nítorí náà ìbéèrè tó yẹ kí ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í ni pé: "Ọ̀gá, ẹ̀sùn wo lẹ fura sí?" Wíwo irun orí, aṣọ tàbí kọ̀ǹpútà tó wà nínú báàgì kì í ṣe ẹ̀sùn. Ẹ má bá a jà lójú títì. Ẹni tó bá jà fún un ní ẹ̀sùn tí kò ní tẹ́lẹ̀. Ẹ ka orúkọ àyà aṣọ rẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀ wọn, aago tó lù, orúkọ awakọ̀ yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹjọ́ púpọ̀ ló ń kú torí pé olùpẹjọ́ kò lè sọ ọjọ́ tàbí ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

Ṣé ara Amẹ́ríkà la ti da ẹ̀tọ́ tiwa kọ? Ṣé ààrẹ nìkan sì lè yí i padà? — Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, Iléṣà

Ètò ààrẹ, gómìnà àti ilé aṣòfin méjì ni a mú lọ́dọ̀ wọn, nínú ìwé òfin 1979. Ìgbìmọ̀ tó kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀, tí Olóyè Rotimi Williams ṣe alága fún, yẹ kó jẹ́ ènìyàn 50. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọ̀ láti jókòó síbẹ̀, ló fi ku 49. Ẹ̀tọ́ tiwa ti wà kí ìyẹn tó dé. Ìgbìmọ̀ Willink ti 1957 sí 1958, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀, wá gbọ́ ẹ̀rù tó ń ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké, ó sì dámọ̀ràn àkójọ ẹ̀tọ́ tí wọ́n mú láti inú àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti 1950. Ìdí nìyẹn tí abala 33 sí 46 wa fi gùn. Ti Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ kan, ó dákẹ́, adájọ́ ni yóò túmọ̀ rẹ̀. Tiwa ka wákàtí àti ọjọ́ fún ọlọ́pàá, ó sì to àwọn ohun tí ìjọba lè fi yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àwa rò pé wákàtí tí a kọ sílẹ̀ wúlò fún mẹ̀kúnnù ju gbólóhùn tó dùn lọ.

Ààrẹ kò lè dá a yí padà níhìn-ín tàbí lọ́hùn-ún. Ní Amẹ́ríkà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì ló ń dábàá rẹ̀, ìpínlẹ̀ 38 nínú 50 yóò sì gbà á; 27 péré ló ti wọlé láti ìgbà yẹn. Níbí, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ilé méjèèjì àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 ló lè fọwọ́ kan orí kẹrin tí ẹ̀tọ́ wà. Ìjọba ológun ni kì í ka ìbò: Òfin Kẹrin ti 1984 sọ ìròyìn òtítọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ bó bá ti dójú ti òṣìṣẹ́ ìjọba, oníròyìn méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, sì ti ipa rẹ̀ gba ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ìwé òfin 1999 fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Àwa ènìyàn", bẹ́ẹ̀ òfin ológun, nọ́ńbà 24 ti ọdún náà, ló gbé e jáde. Kò sí àpéjọ tí ará ìlú yàn tó dìbò lé e lórí bíi ti Massachusetts, ó sì dùn wá.

Ẹ jọ̀ọ́, mo jẹ ẹni tó ń kó ọjà fún mi lówó. Ó ní òun yóò fi ọlọ́pàá mú mi, bí wọn kò bá bá mi nílé, wọn yóò mú ọkọ mi. Nínú fíìmù Amẹ́ríkà, ọlọ́pàá máa ń sọ fún ẹni tí wọ́n mú pé ó lè dákẹ́. Ṣé èmi náà lè dákẹ́? — Ìyá ọlọ́jà, Ọjà Àtàkúnmọ́sà, Iléṣà

Ẹ lè dákẹ́, Ìyá wa. Ohun tí ẹ ń gbọ́ nínú fíìmù wá láti inú ẹjọ́ Ernesto Miranda. Wọ́n mú un ní Phoenix lọ́dún 1963, wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí méjì láìsí lọ́yà níbẹ̀, ó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun jẹ̀bi. Lọ́dún 1966, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìjẹ́wọ́ yẹn kò ṣeé lò, torí pé kò sí ẹni tó sọ fún un pé ó lè dákẹ́. Wọ́n tún ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́ láìlo ìjẹ́wọ́ náà, ó sì tún jẹ̀bi. Ẹ̀tọ́ kì í sọ ẹlẹ́bi di aláìlẹ́bi. Ọ̀nà tí wọ́n gbà mú un àti èyí tí wọ́n gbà bi í léèrè ló ń ṣọ́.

Tiwa wà ní abala 35. Ẹ lè kọ̀ láti dáhùn ìbéèrè kankan títí ẹ ó fi rí lọ́yà tàbí ẹnikẹ́ni tí ẹ bá yàn. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú yín sínú ìwé, ní èdè tí ẹ gbọ́. Bí Yorùbá nìkan lẹ gbọ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé yín dé ibẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Iléṣà ní ilé ẹjọ́, Ilé-Ifẹ̀ ní, nítorí náà ọjọ́ kan ni. Kìkì ẹni tí wọ́n fura sí pé ó ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú ni kò sí lábẹ́ ìyẹn. Béèlì kì í ṣe ohun tí ọlọ́pàá ń tà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìwé gbólóhùn, tí wọ́n ń pè ní sítétímẹ́ǹtì. Ọlọ́pàá á kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, á ní kí ẹ tẹ̀ka. Ẹ má tẹ ohun tí wọn kò kà sí yín létí ní Yorùbá. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá bí ẹ ṣe sọ ọ́, kí ọjọ́ àti aago wà lórí rẹ̀. Ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé ìlérí pé ẹ ó san iye kan lọ́jọ́ kan kí wọ́n tó fi yín sílẹ̀, bí ẹ bá mọ̀ pé owó náà kò ní sí.

Ní ti gbèsè, Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 ní wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn owó tó fọ́ nìkan, wọn kò sì gbọdọ̀ mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ dípò ẹni tí wọ́n ń wá. Àmọ́ ẹ yẹ ara yín wò dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ṣéẹ̀kì tí kò lówó nídìí lẹ fún un, tàbí ẹ fi irọ́ gba ọjà, ìyẹn ti kúrò ní gbèsè lásán, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Ẹ kó rìsíìtì, ìwé àkọsílẹ̀ ọjà àti ẹ̀rí owó tí ẹ ti san díẹ̀díẹ̀ jọ láti ìsinsìnyí, kí ẹ fún ẹnì kan nílé ní ẹ̀dà rẹ̀.

Bí wọ́n bá tì yín mọ́lé láìtọ́, Ilé Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ tó ti ṣẹlẹ̀ ni ẹ ń lọ. Ìlànà 2009 fún gbígba ẹ̀tọ́ kò béèrè ìyọ̀ǹda kí ẹ tó pẹjọ́, kò sì ní gbèdéke ọdún. Ìwé mẹ́ta ló ń bá ẹjọ́ náà rìn: èyí tó sọ ẹni tí ẹ jẹ́, ohun tí ẹ ń bèèrè àti ẹ̀tọ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, ìwé ìbúra tó to ìṣẹ̀lẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, àti ìwé àlàyé òfin. Bí ẹ bá ṣì wà ní àtìmọ́lé, ọkọ yín lè búra dípò yín, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ kò lè wá, kó sì sọ bó ṣe mọ ohun tó ń sọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ dá ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ sí àárín ọjọ́ méje tí ẹ pẹjọ́. Ẹni tí ẹ pè ní ọjọ́ márùn-ún láti fèsì, ẹ̀yin náà sì ní márùn-ún láti dá a lóhùn. Abala 35 sọ pé ẹni tí wọ́n mú láìtọ́ yóò gba owó gbà-má-bínú àti ẹ̀bẹ̀ ní gbangba. Ẹ kọ méjèèjì sínú ohun tí ẹ ń bèèrè, torí kóòtù kì í sábà fúnni ní ohun tí a kò bèèrè.

Owó lọ́yà ń kọ́? Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Clarence Gideon ni wọ́n rán lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún ní Florida lọ́dún 1961 láìní lọ́yà, torí pé kò lówó. Ó fi pẹ́ńsù kọ ẹ̀bẹ̀ sórí ìwé ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó fi ránṣẹ́ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Lọ́dún 1963, wọ́n ní ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fún irú rẹ̀ ní lọ́yà. Nígbà tí lọ́yà dúró fún un, ó jàre. Tiwa ni Ìgbìmọ̀ Ìrànwọ́ Òfin ìjọba àpapọ̀, tó ní ọ́fíìsì ní Òṣogbo. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò náà ní ẹ̀ka ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀. Ẹ lọ béèrè níbẹ̀ kí wàhálà tó dé, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti mú yín.

Ohun tó ń fọ́ irú ẹjọ́ yìí jù ni kí ènìyàn po gbèsè pọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá ní kí adájọ́ kan náà sọ iye tí ẹ jẹ, tàbí ẹni tí ọjà tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù jẹ́ tirẹ̀, yóò ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni olórí ẹjọ́ yín, yóò sì lé e dànù. Àtìmọ́lé àti bí wọ́n ṣe mú yín nìkan ni kí ó wà nínú ìwé náà. Gbèsè ní ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, owó tí ẹ bá sì ti san nínú rẹ̀, ẹ gba ìwé lé e lórí.